Àtíkè Elégédé

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ò dà ọ́ láàmú jù? Bí ìwé yìí bá bá ọ nínú ìlera, ọpẹ́ ni. Bí ara bá sì ń ro ọ́, kí Ọlọ́run fọwọ́ tù ọ́ lára. Èmi náà wà níbẹ̀, orúnkún nìkan ló kọ̀ tí kò gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ elégédé ló jẹ́ kí n kọ̀wé.

O mọ̀ pé òun la máa ń jẹ títí òjò yóò fi padà dé. Lọ́dún tó kọjá, kí bàbá rẹ tó kú, igba ó lé mẹ́wàá la ká. Lọ́dún yìí, mẹ́ta. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.

Má rò pé mo ya ọ̀lẹ o. Nígbà tó tanná, mo rí i pé òdòdó kan á gbé ọmọ kékeré sábẹ́, òmíràn ò gbé nǹkan kan. Mo ní ajẹmáṣiṣẹ́ lèyí, wọ́n kàn ń jẹ ajílẹ̀ mi lásán ni. Àràárọ̀ ni mo ń já wọn dànù, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ni mo já. Mo ń retí kí àwọn abiyamọ tó kù sanra, àfi bí ọmọ wọn ṣe ń rọ, tí wọ́n ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo tọ ọmọkùnrin kan tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba lọ. Ó ní akọ ni gbogbo èyí tí mo já. Ó ní abo ò lè dá bímọ, àfi kí àtíkè ara akọ dé ọkàn rẹ̀, kó wọlé lọ bá ẹyin tó wà nísàlẹ̀, kó tó di èso. Oyin ló yẹ kó máa gbé e kiri, ṣùgbọ́n oògùn tí aládùúgbò wa ń fín ti lé oyin lọ. Mo dúpẹ́, mo yà ní ṣọ́ọ̀bù, mo ra àtíkè agolo kan, olóòórùn dídùn, torí mi ò fẹ́ fi ahun ba iṣẹ́ jẹ́. Mo bù ú sí ọkàn abo mẹ́rìndínlógójì. Èèrà nìkan ló wá.

Nígbà tí mo padà lọ fẹjọ́ sùn, ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìyá, kì í ṣe àtíkè ojú o, lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ìyeyè inú òdòdó akọ ni mò ń wí. Ó wá bi mí pé láti ọdún mẹ́sàn-án tí oyin ti lọ, ta ló ń bá yín gbé e kiri?

 Ṣé o rántí ìyẹ́ adìẹ tí bàbá rẹ máa ń mú lọ sóko ní kùtùkùtù, tí wọ́n á fi máa kan òdòdó kiri? Bàbá Oníṣeré ni mo ń pè wọ́n. Mo máa ń sọ lójú gbogbo ayé pé àwọn ẹgbẹ́ wọn ń kọ ebè, ọkọ tèmi ń rin òdòdó nígàkè. Wọ́n á kàn tún gbé ìyẹ́ wọn jáde. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n kú, wọ́n ní tó bá tanná lọ́dún tó ń bọ̀, kí n mú ìyẹ́ náà dání. Mo rò pé ibà ló ń sọ̀rọ̀.

Mo ti rí ìyẹ́ náà lájà. Ìtàkùn elégédé kan tó pẹ́ hù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé lẹ́yìn ilé, yóò tanná láìpẹ́. Òwúrọ̀ kan péré ni òdòdó rẹ̀ ń là, kó tó di ọ̀sán ó ti panu dé, orúnkún mi ò sì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́. Jọ̀ọ́, fowó oúnjẹ ránṣẹ́, elégédé mẹ́ta ò lè gbé wa dé ìgbà òjò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ owó ọkọ̀ nìkan lo ní, má fi ránṣẹ́. Fi wọkọ̀ máa bọ̀.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó pẹ́ jù kí o tó mọ ẹni tó ń ṣe ọ́ lóore. Ìyẹ́ náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́búlẹ́bú ìyeyè ṣì wà lórí rẹ̀, mi ò fọ̀ ọ́.

Èmi ni, ìyá rẹ.