Dáìsì Olójú Ogún Tí O Fi Rán Yésúfù Sí Mi

Ìrókò,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn tí òjò dá.

Oyèbánjí ọmọ mi, Àkànjí ọkọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú ìnáwó, kú àárò ilé. Ṣé o jí dáadáa, ṣé gbogbo ẹ̀yà ara rẹ ṣì wà níbi tí mo kó wọn sí nígbà tí mo bí ọ? Kí Elédùmarè má jẹ́ kí ilẹ̀ Ajíbọ́dè yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, kí ọ̀kadà má gbá ọ, kí eegun ẹja má há ọ lọ́fun, kí òrùlé yàrá tí o gbà má já lé ọ lórí. Àwa náà wà láàyè, bí a bá lè pe èyí tí a wà yìí ní ààyè, nítorí láti ìgbà tí Yésúfù onímáíkírà ti gbé ẹrù tí o fi rán an dé ni àyà mi ti ń já bíi ti adìyẹ tó rí àwòdì.

Kí n tó débẹ̀, ewúrẹ́ alámì bí mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn jọ bàbá rẹ níwájú orí. Àgbàdo ti ń yọ irùngbọ̀n. Orúnkún bàbá rẹ ti sàn, wàá gbọ́ ohun tó wò ó sàn láìpẹ́. Ìyá Rùqáyyàh tí ilé wọn kángun sí tiwa ní kí n kí ọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ mọ́, wàá gbọ́ ìyẹn náà.

Àkànjí, nígbà tí o pè mí, o ní àwọn kan níbi iṣẹ́ rẹ pè ọ́ pé kí o wá bá àwọn ṣeré ní Sátidé, eré tí o kò ṣe rí láyé rẹ, pé ìtàn lẹ ó jọ máa sọ, kálukú á jẹ́ akíkanjú kan nínú ìtàn náà, dáìsì lẹ ó sì máa dà kí ẹ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí akíkanjú. O ní ọlọ́jà yá ọ ní àpò dáìsì méjì, pupa kan, funfun kan, pé kí o mú ọ̀kan kí o dá ìkejì padà, pé ọwọ́ mi tutù, èmi ni mo yan bàtà tí o kọ́kọ́ wọ̀, èmi náà ni kí n yan dáìsì tí o máa kọ́kọ́ dà. Inú mi dùn, mo tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo wá bi ọ́ pé kí ni iṣẹ́ èyí tó tóbi jù, olójú ogún, o ní òun ló máa sọ bóyá o máa yè. O ní bí oókan bá yọjú nígbà tí ejò abìyẹ́ bá ń tu iná, ọwọ́ rẹ á yẹ̀, ejò á sì gbé ọ mì. O wá rẹ́rìn-ín. O ní kò burú, bí o bá kú wàá dá òmíràn, akíkanjú tuntun, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Oyèbánjí, mo lóyún rẹ lọ́dún ọ̀dá, mo pọ̀n ọ́ lọ oko, mo pọ̀n ọ́ bọ̀. Èmi kò dá ọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Mo bi ọ́ bóyá àgbà kan máa wà níbẹ̀. O ní Khàlíl ni ọ̀gá eré, pé ẹ̀yìn páálí ló máa jókòó sí kí ẹ má baà rí ohun tó ń ṣe, òun ló sì mọ ibi tí ejò lúgọ sí. Mo ti rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Bàbá mi rí ejò púpọ̀ láyé rẹ̀, kò sá sẹ́yìn páálí rí, ńṣe ló máa ń pariwo kí gbogbo oko lè gbọ́.

Mo fẹ́ ní kí o má lọ. Ẹnu mi ti ń là á ni mo rántí pé láti ìgbà tí o ti kó dé Ajíbọ́dè, bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé, ilẹ̀kùn lo máa ń tì, o sì sọ ọ́ fún mi pé onílé nìkan ló mọ orúkọ rẹ ládùúgbò yẹn, nítorí owó ilé. Wàyí o, èèyàn ti wá ní kí o wá jókòó ti àwọn. Ẹ̀rù ejò ń bà mí, ṣùgbọ́n yàrá tí ọmọ mi tì mọ́ ara rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù ju ejò lọ. Ni mo bá ní kí n yàn án dáadáa.

Bàbá rẹ ní kí n kó o dà sí ṣáláńgá. Ó ní ọmọ lúdò tí òun mọ̀, ojú mẹ́fà ló ní, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó bá ní ogún ojú, ta ló mọ èwo ni yóò fi kí èèyàn láàárọ̀? Ó gbé ẹní rẹ̀, ó lọ bá ewúrẹ́ gbé. Ìyá Rùqáyyàh wọlé, ó ṣe bí súùtì ìgboro ni, kí n tó la ẹnu ó ti gé olójú mẹ́jọ pupa jẹ. Eyín iwájú méjì tó kù lẹ́nu rẹ̀ ti di ẹyọ kan, kò sì sí àpá kankan lára dáìsì. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé pupa burú. Olójú mẹ́rin, tí ẹnu rẹ̀ mú bí ẹ̀gún, ti já bọ́ sílẹ̀ láìjẹ́ pé mo mọ̀. Bàbá rẹ wá mú fìlà, ó fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́, ó fò débi pé orí rẹ̀ kan àjà, nígbà tó fi máa balẹ̀, orúnkún tí gbogbo òróró Mọ́níyà kò lè nà ti nà gbọnrangandan. Kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo kọ́kọ́ fojú yàn án. Nọ́ńbà ara pupa, wúrà ni wọ́n fi kọ ọ́, ó rí tíntín bí ipa ẹsẹ̀ èèrà, mo wọ awò ojú mi títí, n kò mọ ẹẹ́fà yàtọ̀ sí ẹẹ́sàn-án. Ti funfun, dúdú ni wọ́n fi kọ ọ́, ó tóbi, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí tí mo ti ń kà á. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré kò gbọdọ̀ máa ṣẹ́jú wo nọ́ńbà nígbà tí ejò bá ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo mú iyọ̀. Iyọ̀ la fi tọ́ ọ lẹ́nu lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ kí ayé lè dùn fún ọ, ni mo bá ní kí n fi tọ́ àwọn náà lẹ́nu. Mo bu omi sínú abọ́, mo da iyọ̀ sí i, mo kó wọn sínú rẹ̀, gbogbo wọn rì bí òkúta. Mo tún da iyọ̀ sí i títí tiwa fi tán, mo gba ti Ìyá Rùqáyyàh. Wọ́n wá léfòó. Olójú ogún funfun ń yí kiri, ojú tó bá wù ú ló ń fi hàn, bí ọmọ tó ń wẹ̀. Olójú ogún pupa rọra yí bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó kọjú sókè, oókan. Mo gbá a lórí, ó rì, ó jáde, oókan. Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo gbàdúrà sí i, oókan. Mo pe bàbá rẹ, ó yọ ojú kan láti ẹnu ọ̀nà, oókan. Ó ní nǹkan yìí ní ẹnì kan lọ́kàn. Ohùn tó fi sọ ọ́, n kò gbọ́ irú rẹ̀ látọjọ́ tí bíréèkì já mọ́ wa lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Mọ́níyà.

Nítorí náà, funfun la mú. Dá pupa padà lọ́jọ́ tó bá dé ọwọ́ rẹ, má jẹ́ kó sun inú yàrá rẹ. Yésúfù ní òun kò lè kó o sínú ọkọ̀, orí ọkọ̀ lòun máa so ó mọ́.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi, oókan wà lára funfun náà. Mo wá a títí mo fi rí i, òdìkejì ogún ló fara pamọ́ sí, ó dákẹ́ bí alángbá. Mo mú ọ̀bẹ tí mo fi ń bó ẹ̀gẹ́, mo jókòó síwájú ilé, mo ha á, mo tún ń ha á, títí kò fi sí oókan mọ́. Mo fi báírò bàbá rẹ kọ ogún síbẹ̀. Ogún méjì ló wà lára rẹ̀ báyìí. Bí o bá fẹ́, jù ú sókè, jù ú sílẹ̀, kò sí ikú nínú rẹ̀. Bàbá rẹ ní màgòmágó ni. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ pè é ní màgòmágó, kó kọ́kọ́ bímọ ná.

Mo tún wá ronú. Bí ejò yẹn kò bá rí ọ gbé mì, ẹni tó jókòó tì ọ́ ló máa kọjú sí. O ní Zubaidah àti Ammar máa wà níbẹ̀. Àwọn náà ní ìyá, ìyá wọn lè má gbọ́ rárá. Gba tiwọn, kó o fún Yésúfù kí Sátidé tó pé, màá ha gbogbo rẹ̀. Gba ti Khàlíl náà lẹ́yìn páálí tó wà.

Ìdí nìyẹn tí owó fi yá. Ọ̀bẹ ti kú, fi owó ọ̀bẹ ránṣẹ́, àti owó iyọ̀ ilé méjì, àti nǹkan díẹ̀ fún eyín Ìyá Rùqáyyàh. Má fi gba inú ẹ̀rọ POS tí Safurat fi ń fún wa lówó ní oríta, nọ́ńbà mẹ́rin ni ẹ̀rọ yẹn máa ń ní kí n tẹ̀, èmi sì ti rí ohun tí nọ́ńbà lè ṣe fún èèyàn. Ọwọ́ Yésúfù ni kó ti wá.

Kí Elédùmarè dúró tì ọ́ nídìí tábìlì yẹn. Kí ọwọ́ rẹ má yẹ̀, kí iná kankan má jó ọ, kí àwọn tó pè ọ́ má lé ọ. Lọ, jókòó tì wọ́n, bá wọn jẹun, rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá ti parí, pè mí kíá, n kò ní gbé fóònù kúrò láyà. Ṣùgbọ́n ìwọ gan-an ni kó pè mí o, Àkànjí, kì í ṣe òmíràn tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ìbídùnní.