Ojú Màmá, Ọwọ́ Màmá

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kejì

Dókítà ní òun lè la ojú Màmá. Ojú tí kò ríran rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i! Pẹ̀lú ìròyìn yìí lórí ni mo wọ kíláàsì. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wọn lónìí: a ò bí ìmọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni — ojú, etí, imú, ahọ́n, ọwọ́, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń gbà wọlé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè: afọ́jú tó ti fi ọwọ́ mọ bọ́ọ̀lù, bí ojú rẹ̀ bá là, ṣé yóò dá a mọ̀? Mo ní rárá. Gbogbo ẹnu ni mo fi sọ ọ́. Ìgbà tí mo jókòó ni mo wá rò ó wò: Èmi ńkọ́? Ṣé Màmá á dá mi mọ̀?

Ọjọ́bọ̀, 6

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú náà fún Màmá. Ọpẹ́ ni. Àmọ́ kò gbọdọ̀ fi okùn hun ìdí àga kankan, iṣẹ́ tó fi tọ́ mi dàgbà, fún oṣù kan, kí eruku okùn má baà kó sí ojú náà. Àbúrò rẹ̀, Àǹtí Ẹlẹ́nu, ló gba iṣẹ́ àwọn oníbàárà ṣe. Ó ti ń ráhùn: "Okùn yìí fẹ́ bó mi láwọ̀ o!"

Àbámẹ́ta, 8

Wọ́n tú báńdéèjì. Mo ti kìlọ̀ fún gbogbo wọn — kẹ́nikẹ́ni má fọhùn. Ìwádìí ni, mo ní. Èmi, Àǹtí Ẹlẹ́nu àti nọ́ọ̀sì, a tò síwájú rẹ̀. Màmá wò wá títí. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó nawọ́ sí nọ́ọ̀sì: "Ọmọ mi nìyẹn."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo ti mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, síbẹ̀ ó dùn mí wọ eegun. Nígbà tí mo wá sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ yí padà. "Àṣé o wà níbẹ̀! Ta ní í dákẹ́ fún ìyá ẹ̀?"

Ọjọ́rú, 12

Ó ń di ojú kó tó lè rìn láti yàrá dé ìdáná. Kì í bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Àìkú, 16

Mo gbé ọsàn àti ife síwájú rẹ̀, kó fojú dá wọn mọ̀. Ó ní: "Má dán mi wò mọ́, Tíṣà."

Ẹtì, 21

Kíláàsì dùn lónìí. Pé oòrùn ti ń là láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀rí kọ́ nìyẹn pé yóò là lọ́la. Ó kàn ti mọ́ wa lára ni. Wọ́n jiyàn títí ohùn fi há. Orí mi wú. Mo délé — Màmá wò mí bí àlejò títí mo fi kí i.

Àìkú, 2 oṣù kẹta

Màmá fi gèlè rẹ̀ di mí lójú. "Ìwádìí tèmi rèé. Kẹ́nikẹ́ni má fọhùn." Ọwọ́ méjì ni wọ́n nà sí mi, tirẹ̀ àti ti Àǹtí Ẹlẹ́nu. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Ta ni ò mọ ọwọ́ tó tọ́ ọ?

Àkọ́kọ́ — ó rọ̀ bíi búrẹ́dì. Mo fi sílẹ̀. Ìkejì — ó le, okùn ti gé e káàkiri, ìka ti yi. Ọwọ́ tó ń bọ́jú fún mi ní kékeré! Mo gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Màmá rèé!"

Àǹtí Ẹlẹ́nu ló pariwo.

Mo já gèlè kúrò: ọwọ́ Àǹtí ni mo dì mú. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Àǹtí ti ń hun àga, tí ọwọ́ Màmá sì ń sinmi. Èmi tí mo dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ tí mo ń kọ́ wọn! Ojú tì mí débi pé ẹkún gbọ̀n mí.

Màmá ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ṣó o ti wá rí bó ṣe ń rí?" Ó tún na ọwọ́ tó rọ̀ yẹn sí mi. "Sún mọ́bí. Wá mọ̀ ọ́n."

Mo jókòó tì í. Mo ń fọwọ́ kan ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ń wo ojú mi, láì di tirẹ̀. A pẹ́ níbẹ̀.