Ọkọ̀ Òṣùpá Tó Wà Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Mi

Ọ̀gbẹ́ni Adékànmí, olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ẹ má dárúkọ mi lórí afẹ́fẹ́. Ẹ ṣáà pè mí ní Alájì Àjégúnlẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ mí á ti mọ̀.

Ìwé kejì ni mo kà dé, ṣùgbọ́n mo ní tírélà mẹ́ta ní Àpápá, mo sì fọwọ́ ara mi kọ́lé. Lọ́dún 1985, atukọ̀ òyìnbó kan ní èbúté Tin Can fún mi ní páálí ohun ìṣeré kékeré kan: búlọ́ọ̀kù oníke wẹ́wẹ́ tí èèyàn ń tò pọ̀ títí á fi di ọkọ̀ tó ń lọ sí òṣùpá. Ìwé tó ń júwe rẹ̀ kò ní lẹ́tà kankan, àwòrán lásán ni. Ẹnikẹ́ni ò kà á fún mi, mo tò ó pé! Látìgbà náà ni mo ti ń kó wọn jọ. Wọ́n ti kún kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì pálọ̀ mi báyìí.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, àwọn àna wa ń bọ̀ wá tọrọ ọmọbìnrin mi. Ìyàwó mi ní, "Alájì, ẹ kó bèbí yín kúrò níbẹ̀ jàre. Wọ́n á ní ọmọdé ni bàbá ìyàwó."

Mo ní, "Ìwọ to ẹyọ kan kí n rí i!"

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n kó wọn pamọ́ ni? Mo ti fi páálí kan tí mi ò tíì ṣí sílẹ̀ de bàbá ọkọ. Tó bá lè jókòó tì mí lórí ẹní, kí á jọ tò ó, ọkàn mi á balẹ̀ pé ilé rere lọmọ mi ń lọ.