Okùn Tí Kò Gbọdọ̀ Lẹ̀ Mọ́ Àwo

Ìyá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjà ẹja, ẹ kú àárò èmi ọmọ yín. Mo kí gbogbo ará ilé ní Ẹ̀pẹ́. Mo kí Bọ̀dá Rásákì, ẹ̀gbọ́n mi, ní Ìkòròdú, àti ìyàwó wọn. Ìyá Àgbà ní Agbọ̀wà ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀?

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni èyí tó jẹ́ pé nǹkan ni mò ń fọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni. Ọkàn mi ò balẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun tí à ń ṣe ní yunifásítì yìí jọ àwo tánganran. Ó máa ń gba ooru tó lè yọ́ irin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ fún inú ẹ́ńjìnnì bàálù. Àmọ́ àwo náà ni. Bó bá sán lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí nìyẹn. A wá ń tẹ́ okùn tó tín-ín-rín ju irun orí lọ sínú rẹ̀, kó máa dì í mú. Okùn yẹn ò gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Bó bá lẹ̀, ibi tí àwo bá ti sán ni okùn náà á ti já. Nítorí náà, a máa ń fi nǹkan fẹ́lẹ́ bo okùn lára, kó lè máa yọ̀ díẹ̀. Ìbora yẹn ni iṣẹ́ tèmi.

Oṣù mẹ́rin gbáko, gbogbo èyí tí mo ṣe ló ń ṣẹ́ bíi bisikíìtì bó bá ti wọnú iná ìléru. Níta, yìnyín ti bo ilẹ̀, ètè mi ti là. Ọ̀gá mi, obìnrin kan tí kì í pariwo, ní òun á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Bọ̀dá ní kí n gbà, kí n má pa ara mi. Mi ò gbà. Mo bẹ ọ̀gá fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo kó àwọn tó ti ṣẹ́ jọ, mo ń fi ẹ̀rọ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ kẹta ni mo rí i pé ìbora ti pòórá lára okùn. Afẹ́fẹ́ ti gba ojú ibi tó sán wọlé, ooru sì ti jó o dànù, nítorí èédú ni wọ́n fi ṣe é. Okùn ti wá lẹ̀ mọ́ àwo gbagidi. Ìyá mi, èmi ni mo yan ìbora náà o, mo tilẹ̀ bá ọ̀gá jiyàn lé e lórí. Ojú tì mí. Mo lọ jẹ́wọ́. Ó bi mí pé ṣé ẹkún ni mo wá sun ni àbí okùn tuntun ni mo wá gbà. Mo ní okùn ni.

Ìbora funfun kan tí iná kì í tètè jó ni mo lò lọ́tẹ̀ yìí. Lọ́jọ́ Tuesday, a gbé e sínú ooru, ẹ̀rọ tí a fi ń dán agbára rẹ̀ wò bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Mo gbọ́ tó dún kẹ́rẹ́. Mo ní ó ti tán. Ọ̀gá ní kí n dúró. Àwo ti sán lóòótọ́, àmọ́ okùn inú rẹ̀ dì í mú, kò já, ẹ̀rọ sì ń fà á lọ. Ó pẹ́ gan-an kó tó ṣẹ́. Ọ̀gá ní ó dára, kí n lọ ṣe mẹ́wàá sí i.

Mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún. Mo sọ fún obìnrin tó ń wa bọ́ọ̀sì wa. Kò yé e, síbẹ̀ ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Mo ti ṣèlérí pé mò ń bọ̀ wá ṣe Iléyá. Ẹ má bínú, Ìyá mi, mi ò ní lè wá. Mẹ́wàá yẹn ni mo fẹ́ ṣe.

Kí Ọlọ́hun fún yín ní àlàáfíà àti ẹ̀mí gígùn, kó jẹ́ kí n bá yín láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ọjà.

Èmi ni ọmọ yín tí kò tíì ṣetán láti darí wálé,
Sàkíràtù.