Irin Tó Sán Lọ́jọ́ Ọdún Bishwakarma

Tulika ọmọ mi,

Ṣé ara le? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Kí Ìyá Durga, òrìṣà wa, fi ọwọ́ ẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dáàbò bò ẹ́. Màlúù wa ti bímọ, abo ni. Bàbá ẹ ń tún bèbè adágún mọ kójò tó dé, ó ní ẹni tó bá dúró kó ya kó tó mọ ọ́n, ẹja ẹ̀ ti lọ.

A gbọ́ nípa ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ níbi iṣẹ́ yín tó yẹ̀ kúrò lórí irin. Mo sunkún àwọn tó kú, ìyá ló bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí ọkọ̀ ń wá lábẹ́ ilẹ̀ bí òkété, nígbà tí orí ilẹ̀ ò tíì kún.

Shibnath àbúrò bàbá ẹ wá, ó ń jẹ gúgúrú ìrẹsì mi, ó ní ọ̀gá ẹ sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ìwọ lo fọwọ́ kan irin tí ọkọ̀ yẹn gbà kẹ́yìn. Ó ní òrìṣà ló bínú, torí lọ́jọ́ ọdún Bishwakarma, òrìṣà irinṣẹ́, tí gbogbo oníṣẹ́ fọ irinṣẹ́ tí wọ́n fi òdòdó sí i, tẹ́nì kan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ìwọ gbé sípánà, o ní irin ti sán, kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró. Mo bi í pé ṣé òrìṣà ló ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ gba orí irin tó ti sán náà lọ́jọ́ kejì ni. Ó ní òun ò mọ̀. Mo ní kó gbé àwo mi sílẹ̀ nígbà náà.

Nígbà tójú ẹ yọ nínú fóònù lánàá, inú mi dùn débi pé mo fi àtíkè pupa àdúrà kùn ẹ́ níwájú orí. Bàbá ẹ ní fóònù ni mo kùn. Ṣé ojú ẹ kọ́ ló wà níbẹ̀ ni? Ó ní kí n nù ún, mo bá fọ̀ ọ́ dáadáa nínú adágún, àtìgbà náà ni ò ti sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé.

O ti bi mí kí fóònù tó kú pé kí ni kó o ṣe, wọ́n ní kó o tọwọ́ bọ̀wé pé irin dára lọ́jọ́ ọdún yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ẹ lọ. Èsì mi rè é: má tọwọ́ bọ nǹkan kan. Kí ọ̀gá ẹ lọ sọ irọ́ ẹ̀ fáwọn òkú fúnra ẹ̀. Bíṣẹ́ bá lọ, bèbè adágún wà níbí. Ọmọ mi ló rí i, ọmọ mi ló sọ ọ́, mo ti sọ fún gbogbo abúlé, kódà fún àwọn tí ò bi mí.

Jọ̀ọ́, fowó ọkọ̀ ránṣẹ́ kí n lè wá jókòó tì ẹ́ níbi ìwádìí tí wọ́n fẹ́ ṣe lórí ìjàǹbá náà. Ọkọ̀ orí ilẹ̀ o. Fi ti fóònù kún un.

Sípánà tó o fi ń tún ẹ̀rọ omi wa ṣe nígbà tó o wà nílé, mo ti gbé e síwájú òrìṣà. Mi ò fi òdòdó sí i. Epo ni mo fi pa á, kó lè ṣiṣẹ́. Kí Bishwakarma má jẹ́ kí sípánà tìẹ sinmi.

Ìyá ẹ,
Niharbala