Ògiri Pápá, Winga Kan

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn Mágàríbì

A tún jà lónìí lórí ògiri pápá bọ́ọ̀lù wa ní àdúgbò Gbossimé. Àyè àwòrán kan ló kù, winga kan la sì fẹ́ yà síbẹ̀. Gbogbo àwọn yòókù ní Kodjo ni, torí góòlù rẹ̀ pọ̀ nígbà ayé eré rẹ̀. Ta ló ń gbé bọ́ọ̀lù fún un nígbà náà? Bọ̀dá mi Ràímì ni! Mo ròyìn eré rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Bọ̀dá fúnra rẹ̀ jókòó tì mí, ó ń gbọ́ bí ẹni ń gbọ́ ìtàn ẹlòmíràn.

Wọ́n ní ká nawọ́ sókè fún ẹni tí a bá fẹ́. Bọ̀dá ló kọ́kọ́ nawọ́ fún Ràímì.

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ah non, Tonton! Rárá o, bọ̀dá àgbà! A kì í nawọ́ fún ara ẹni!"

Bọ̀dá wojú mi. "Ràímì yìí, ṣé ó ṣì wà láyé?"

Àánú ni wọ́n fi fún Ràímì ní àyè náà. Ta ni màá mú lọ wo àwòrán náà, nígbà tí Bọ̀dá kò mọ ara rẹ̀ mọ́?