Oògùn Tó Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Bàbá Salimat

Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Péńtà Mọ́tò, Ẹ̀ka Ṣógúnlé
Sí Ìdílé Sàláúdéènì, Jakande Estate, Ìsọlọ̀

Ẹ̀yin ẹbí wa,

Ìbànújẹ́ ló dorí gbogbo wa kodò láti ọjọ́ tí Abdulmajeed Sàláúdéènì, Bàbá Salimat, ti jáde láyé. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ mú un lọ nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń dùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Salimat, ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú àmúmọ́ra, ẹ kú ara fẹ́ra kù.

Láti Ṣógúnlé dé Èjìgbò, ta ni kò mọ olóògbé nídìí mọ́tò kíkùn? Kò sí àwọ̀ tí yóò fojú wò tí kò ní pò ó jáde. Nígbà tí iná jó ṣẹ́ẹ̀dì àwọn kan nínú wa, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tirẹ̀ ni a jọ ń lò, kò sì fajú ro. Òun náà ló fòpin sí bí a ṣe ń fi bẹntiróòlù fọwọ́, tí a tún ń fi ẹnu fà á. Ó ní dókítà kò lè búra pé bẹntiróòlù ló fa àìsàn òun, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ pé oró kan wà nínú rẹ̀ tó ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kò bá bo imú kò gbọdọ̀ fín ọ̀dà lọ́dọ̀ wa.

Ó yẹ kí ìwé yìí fi àdúrà parí síbí. Kò lè parí, nítorí ohun tí a rí nílé yín lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ.

A rí Abdulwasiu, ọmọ yín. Ó gé mọ́sà jẹ, ẹ̀jẹ̀ èrìgì rẹ̀ sì wà lára èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Apá rẹ̀ dúdú káàkiri bí ẹni tí wọ́n lù, bẹ́ẹ̀ àga lásán ló ní òun gbé. Ìyá Salimat, ẹ ní kí a má mikàn, pé oògùn bàbá rẹ̀ tó ṣẹ́kù ni ẹ̀ ń fún un, pé ó ti ń rọrùn. Ike oògùn náà wà lójú fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfín-ọ̀dà tó jogún. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ níwájú àlejò. Háà! Ta ní ń jogún oògùn? Ẹ̀rù bà wá délé, ó sì ń bà wá di bí a ti ń kọ ìwé yìí.

Dókítà Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, tó tọ́jú olóògbé, ti là wá lọ́yẹ̀ nípàdé. Jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Ọ̀kan wà tó ń rìn jẹ́jẹ́. Oògùn oníhóró tí èèyàn ń lò lójoojúmọ́ lè dè é mọ́lẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Òmíràn ń sáré. Kíá ni wọ́n ń dá onítọ̀hún dúró sí ọsibítù, wọn a máa fi oògùn líle sí i nínú iṣan, wọn a sì máa fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Nígbà mìíràn ó lè di pé kí wọ́n gba mùdùnmúdùn inú eegun lára ọmọ ìyá rẹ̀ tí tiwọn bára mu. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ èyí tó jẹ́. Oògùn tó bá ti bàbá mu lè má ran ti ọmọ rárá, àkókò á sì máa lọ. Ó tilẹ̀ lè má jẹ́ àrùn yẹn. A ò fẹnu wa pè é.

Èyí tó ń rìn jẹ́jẹ́ ni ti Bàbá Salimat tẹ́lẹ̀. Ara rẹ̀ yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó bá pa oògùn tì. Nígbà tí a bi í, ẹ̀rín ló fi wá rín: "Ara ti le, ẹ tún ń bi mí léèrè oògùn. Ṣé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni mí?" Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, ṣùgbọ́n òun rò pé iná ti tán. Nígbà tí àrùn náà padà dé, eré ló ń sá. Wọ́n ṣì ń wá ẹni tí mùdùnmúdùn rẹ̀ bá tirẹ̀ mu nígbà tí ọlọ́jọ́ dé.

Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mọ́tò ẹgbẹ́ yóò dúró nísàlẹ̀ ilé yín láti gbé Abdulwasiu lọ sí ọsibítù. Ẹ jẹ́ kó mú ike náà dání, kí dókítà rí ohun tó ti ń lò. Bí wọ́n bá bèèrè ẹ̀jẹ̀, àwa wà. Bí ó bá di ti mùdùnmúdùn, Salimat ti ní òun ṣetán. A gbọ́ pé ẹ fẹ́ ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ ná. Ẹ jọ̀ọ́, àìsàn ò mọ ogójì ọjọ́. Kọ́kọ́rọ́ ṣẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, a ò sì ní fún Abdulwasiu kó fi wọlé fín ọ̀dà títí èsì yóò fi jáde. Ẹ bínú sí wa bí ẹ bá fẹ́.

Ìyá Salimat, ẹ wo ike yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká ní bàbá lò ó bó ṣe yẹ ni, kò ní sí èyí tí ọmọ yóò bá níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba fi àánú gba olóògbé, kí ó nu omijé ojú yín, kí ó sì dá àwọn tó kù sí. Kí ó má jẹ́ kí a tún kọ irú ìwé yìí sí ilé yín.

Ọláyanjú Abórìṣàdé
Alága, lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́